Ògiri Amọ̀ Lábẹ́ Sìmẹ́ńtì: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ìfọgiri Kan ní Ilẹ̀ Ìjùmú

Ilé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí wà ní ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ sí Kàbà. Ilé ilẹ̀ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la àárín rẹ̀ kọjá, yàrá sì tò sí ọ̀tún àti òsì. Páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, ọ̀dà funfun tí eruku ọ̀nà ti sọ di pupa wà lára rẹ̀, ibojì baálé ilé náà sì wà ní iwájú, tí wọ́n fi mábù bò. Ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, àkọ́bí olóògbé, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, gbé iṣẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní ẹ̀rọ ìfọgiri ní Kàbà, pé kí ó wá fọ ara ilé náà, ibojì náà àti ilẹ̀ oníkọnkéré tí ó wà níwájú, nítorí ìsìn ìrántí ọdún kan tí ẹbí fẹ́ ṣe ní oṣù Kejìlá. Ọjọ́ kìíní iṣẹ́ lọ ní ìrọ̀rùn. Ní ọjọ́ kejì, sìmẹ́ńtì ara ògiri ẹ̀yìn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, ojú ibi tí ó gùn tó mítà 4, tí ó sì ga tó mítà 2, ti ṣí sílẹ̀, amọ̀ pupa hàn síta, omi sì ti wọ yàrá méjì.

Ẹbí ní kí oníṣẹ́ tún ògiri ṣe kí ó tó kúrò. Oníṣẹ́ ní ògiri ti bàjẹ́ kí òun tó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá kí olórí ẹbí tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, tí kò sì bá ìhà kankan tan. Èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè, nítorí pé ìfọgiri, ìfọpáànù àti ìfọlẹ̀ oníkọnkéré ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Kàbà láti ọjọ́ pípẹ́. Ìhà méjèèjì gbà kí n kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ṣe ṣe àdéhùn ni mo kọ́kọ́ bèèrè. Ọmọ olóògbé ya fọ́tò iwájú ilé nígbà tí ó wá sílé ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ó fi í ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ lórí WhatsApp, oníṣẹ́ wò ó, ó sì pe ₦150,000. Wọ́n san ìdajì sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lọ wo ilé náà kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé, kò sì sí ìwé kankan. Ó wù mí kí n bá oníṣẹ́ wí lórí èyí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó ń fa irú rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà bẹntiróò kan fi kúrò ní nǹkan tí kò tó ₦200 bọ́ sí ohun tí ó lé ní ₦500 láàrin ọjọ́ díẹ̀, tí ó sì ti lé ní ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí, ẹni tí ó bá gun ọ̀kadà tàbí tí ó wa ọkọ̀ lọ wo iṣẹ́ tí kò dájú pé yóò bọ́ sí òun lọ́wọ́ ti ná èrè ọjọ́ kan. Oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá sì ni ìkórè wa nínú iṣẹ́ yìí. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ Okun, ìyẹn àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, tí wọ́n wà ní Àbújá, ní Èkó àti ní òkè òkun ń múra àtiwálé, tí ìrántí, ìgbéyàwó àti ọdún Kérésì ń rọ́ lu ara wọn, tí gbogbo ilé sì ń fẹ́ kí ara òun mọ́ ṣùgbọ́n tí owó ọ̀dà kò ṣeé sún mọ́. Oníṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń dúró dè é ní Mopa ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Fọ́tò ni ó fi ṣe ẹsẹ̀, fọ́tò kò sì lè sọ bí ògiri ṣe ń dún bí a bá kàn án.

Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní àbùkù. Irú èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fọ mọ́tò ní Kàbà ń lò ni, ẹ́ńjìnnì kékeré abẹntiróò tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 6.5, tí ń tu omi ní ìwọ̀n PSI 2,500, tí ó sì ń gba nǹkan bíi lítà 9 láàrin ìṣẹ́jú kan. Tánkì lítà 1,000 tí wọ́n gbé wá kò ní tó o fún wákàtí méjì. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí PSI 2,500 jẹ́ lè wo òǹkà tí fọkanáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́: táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà gbà ju 30 sí 35 lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ náà tó ìlọ́po 70 ohun tí ó wà nínú táyà. Agbára náà kì í dé ara ògiri bákan náà nígbà gbogbo. Àwọn imú tí ó máa ń bá ẹ̀rọ wá, ìyẹn ẹnu kékeré tí omi ń gbà jáde, ni ó ń pín in, àwọ̀ ni a sì fi ń dá wọn mọ̀: pupa ń tu omi sí ojú kan ṣoṣo, yẹ́lò ń tẹ́ ẹ ní dígírì 15, àwọ̀ ewé ní 25, funfun ní 40, dúdú sì wà fún ọṣẹ. Bí imú bá ṣe fẹ̀ tó, tí ọwọ́ sì jìnnà sí ògiri tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyà tí ògiri ń jẹ ṣe ń dínkù tó. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n fi imú funfun fọ iwájú ilé, eruku ọ̀nà sì wẹ̀ kúrò láìní wàhálà. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí dúdú ara ògiri ẹ̀yìn kọ̀ tí kò lọ, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí yẹ́lò, wọ́n sì sún un mọ́ ògiri títí tí àlàfo ọwọ́ kan péré fi kù.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà, n ó sì dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí pé àṣìṣe náà kì í ṣe ti ọmọ yìí nìkan. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn àgbà oníṣẹ́.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni eruku iwájú ilé àti dúdú ẹ̀yìn ilé. Eruku pupa láti ojú ọ̀nà ni ó ń fẹ́ lé ara ògiri iwájú, òjò sì ń ta erùpẹ̀ sí i ní ìsàlẹ̀. Orí ọ̀dà ni ó jókòó sí. Dúdú ẹ̀yìn ilé jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí, ewédò àti èébu tí ó hù nítorí pé ògiri náà ń tutù fún ìgbà pípẹ́. Ilé yìí kọjú sí àríwá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà ní gúúsù. Ní apá ibi tí a wà yìí, láti àárín oṣù Kẹrin títí di òpin oṣù Kẹjọ, oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ sí ìhà àríwá, àkókò náà gan-an sì ni òjò ń rọ̀. Ògiri gúúsù yóò gba omi, kò sì ní rí oòrùn tí yóò gbẹ ẹ́. Wọ́n tún gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sí ẹ̀yìn ilé náà tí ewé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé, etí páànù kò yọ síta ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, kò sì sí gọ́tà tí yóò gba omi orí ilé. Dúdú tí oníṣẹ́ bá ní ara ògiri, nígbà náà, ń sọ fún un pé omi ti ń gbé inú ògiri yẹn láti ọdún pípẹ́. Ibi tí ó dúdú jù, tí ọwọ́ ń yá wa láti fi omi líle lù, ni ó sábà máa ń jẹ́ ibi tí kò lè gbà á rárá.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo mú igi ìgbálẹ̀, mo fi ń kan ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibikíbi tí ó bá dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo. Ní iwájú ilé, àmì náà kò pọ̀. Ní ẹ̀yìn, yàtọ̀ sí ojú ibi tí ó ti ṣí, àmì gba nǹkan bí ìdajì ohun tí ó kù. Mo lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, tí ẹ̀rọ kò tíì kàn rárá. Ibẹ̀ náà dún ṣófo ní apá ìsàlẹ̀, ní pàtàkì lábẹ́ fèrèsé méjèèjì. Mo pe ọmọ olóògbé àti oníṣẹ́ pọ̀, mo ní kí àwọn méjèèjì fi ọwọ́ ara wọn kàn án. Mo rí i lójú oníṣẹ́ pé inú rẹ̀ dùn, nítorí ó rò pé mo ti dá òun láre.

Mo wo etí ibi tí sìmẹ́ńtì ti já. Ó nípọn tó ìka méjì, ó le dáadáa. Ẹni tí ó pò ó kò fi sìmẹ́ńtì ṣahun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ó ti fara kan amọ̀, dán. Kò sí wáyà tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ògiri, wọn kò sì fi àdá ṣá ojú amọ̀ náà kí sìmẹ́ńtì lè rí ibi dì mú. Amọ̀ máa ń wú bí ó bá mu omi, a sì máa sún kì bí ó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti ń fa ara wọn lọ́dọọdún, wọn yóò pínyà ní ìdákẹ́jẹ́, sìmẹ́ńtì yóò sì dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ó le. Omi ilẹ̀ tí ń gun inú amọ̀ láti ìpìlẹ̀, tí ìbá ti gba ojú amọ̀ gbẹ jáde, kò rí ọ̀nà mọ́ nítorí sìmẹ́ńtì tí ó bò ó. Mo rí iyọ̀ funfun rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ògiri. Nígbà tí omi líle wọ inú ìlà tí ó ya ní igun fèrèsé, àlàfo tí ó wà lẹ́yìn sìmẹ́ńtì kún fún omi, amọ̀ rọ̀, ojú ògiri sì ṣí.

Ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ìjùmú, ní Yàgbà àti ní Bùnú. Bàbá kan kọ́ ọ pẹ̀lú amọ̀ tí ẹbí àti aládùúgbò bá a pò. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, wọ́n ní ilé bàbá àwọn kò gbọdọ̀ máa jẹ́ ilé amọ̀ mọ́, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú àti lóde, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, àwọn ọmọ-ọmọ sì dàgbà láìmọ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ olóògbé yìí jẹ́wọ́ fún mi pé òun mọ̀ pé ilé náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n pé òun rò pé búlọ́ọ̀kù ni. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí ó ń gbé inú ilé náà, ni ó mọ̀.

Ohun tí ìyá àgbà yìí sọ ni ó yí ojú ọ̀rọ̀ padà. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń kan ògiri, mo ti kí i ní "Okun o, Ìyá", ó sì ti dáhùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Mo sọ ọ́ fún ọmọ tí ń tẹ́ rọ́bà omi yẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dé. Mo ní kí wọ́n rọra, amọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fi mọ ilé yìí. Ó ní, 'Ìyá, ẹ má ṣèyọnu, a ti fọ èyí tí ó tóbi jù ú lọ.'" Ọmọ iṣẹ́ náà kò sẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni, òun kò sì sọ ọ́ fún ọ̀gá òun.

Oníṣẹ́ ṣì ní àwíjàre tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fojú di í. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ti fọwọ́ kan ìhà ìlà-oòrùn, ẹ sì gbọ́ bí ó ṣe dún. Bí n kò bá tilẹ̀ fọ ògiri yìí, ṣé òjò ọdún tí ń bọ̀ kò ní wó o?" Mo ní ó ṣeé ṣe kí òjò wó o, ṣùgbọ́n òjò kò gba owó àsansílẹ̀. Ẹni tí ó bá gba owó láti gbé omi PSI 2,500 dé ojú ògiri ẹlòmíràn ti gbà pé òun ni yóò kọ́kọ́ mọ ohun tí ògiri náà lè gbà. Oníbàárà kò ní irinṣẹ́ tí yóò fi mọ̀ ọ́n, kò sì mọ̀ pé imú yẹ́lò yàtọ̀ sí funfun. Ọmọ olóògbé náà sọ ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀: "Ẹni tí mo sanwó fún pé kó fọlé, ṣé èmi ni n ó tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́?" Síbẹ̀, mo sọ fún òun náà pé ògiri tí ẹ̀rọ bàjẹ́ kì í ṣe ògiri tuntun, kò sì tọ́ kí oníṣẹ́ fi ògiri tuntun san án padà. Owó tí yóò dá ògiri padà sí ipò tí ó wà ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ni ẹ̀tọ́ ẹbí. Ohun tí ó bá ju ìyẹn lọ, àtúnṣe ilé tí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ni.

Ohun kan tí kò sí nínú ẹjọ́ wọn ni mo tún rí, mo sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Sálúbàtà ni ọmọ iṣẹ́ náà wọ̀ tí ó fi ń di ẹnu ẹ̀rọ mú. Omi tí ó bá jáde láti imú pupa tàbí yẹ́lò lè gún awọ ara kí ó sì wọ inú ẹran. Ojú ọgbẹ́ náà lè kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́, tí ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí yóò fi sọ pé kò sí nǹkan, tí ẹsẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti inú. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé omi ẹ̀rọ ni ó gún un. Bàtà rọ́bà gígùn kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a dé ìdí ibojì. Òjò ti gbé ìpatà láti ara irin tí ó yí i ká sórí mábù, wọ́n sì ti ra ásíìdì sílẹ̀ láti fi fọ̀ ọ́, irú èyí tí a ń lò fún táìlì ilé ìwẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìjà tí ó dá iṣẹ́ dúró. Ásíìdì yẹn máa ń jẹ mábù. Ìpatà yóò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dídán òkúta náà yóò bá a lọ, kò sì sí ohun tí a lè fi dá a padà àfi kí a tún lọ̀ ọ́ títí yóò fi dán. Omi, ọṣẹ fífọ abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni a fi fọ ibojì náà. Díẹ̀ kù lára ìpatà náà títí di òní, ẹbí sì gbà pé ó sàn bẹ́ẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n gbé ásíìdì náà kúrò ní ilé pátápátá, nítorí bílíìṣì ni a máa lò fún ògiri, bí àwọn méjèèjì bá sì pàdé nínú bókẹ́ẹ̀tì kan, atẹ́gùn olóró ni yóò jáde.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe kò rọrùn. Bíríkìlà tí ẹbí mú wá fẹ́ kan wáyà mọ́ amọ̀, kí ó sì rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ńtì tí ó le bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi fẹ́ kí wọ́n fi amọ̀ tí wọ́n po mọ́ yanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ dí i, kí wọ́n sì fi ẹfun kùn ún, kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde. Olórí ẹbí fara mọ́ tèmi. Àwọn ọmọ kò gbà, wọ́n ní àwọn kò lè gba àlejò ní ilé tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ ní ẹ̀yìn. A pàdé ní àárín: amọ̀ ni wọ́n fi dí ihò, wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ, wọ́n kan wáyà mọ́ ọn, wọ́n sì rẹ́ sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ lé e. Ọjọ́ ìrántí tí ó ti sún mọ́ ni ó jẹ́ kí n gbà. Ojú mi kò kúrò lára ògiri náà. Wọ́n gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó sún mọ́ fèrèsé, wọ́n sì gbẹ́ ojú àgbàrá sí ẹ̀yìn ilé kí omi etí páànù má bàa máa dúró sí ìdí ìpìlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ méjì yìí nìkan láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí n má rí ohun tí n ó kọ.

Apá ẹ̀yìn tí kò tíì já ṣì dúdú, oníṣẹ́ sì ni ó parí rẹ̀, láìlo ẹ̀rọ. Mo dúró tì í ní ọjọ́ náà. Wọ́n pa iná ilé láti ibi mítà, wọ́n bo kànga tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé, wọ́n yí àgbá tí ìyá àgbà fi ń gbe omi òjò kúrò lábẹ́ etí páànù, wọ́n sì bu omi sí ìdí àwọn ewébẹ̀ kí bílíìṣì má bàa pa wọ́n. Ìdá kan bílíìṣì olómi tí a ń rà lọ́jà ni wọ́n pò mọ́ ìdá mẹ́ta omi, pẹ̀lú ọṣẹ olómi díẹ̀ kí ó lè di ara ògiri mú. Wọ́n fi kànìnkànìn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí bí ó bá ṣàn láti òkè sórí ibi tí ó gbẹ, ìlà rẹ̀ kì í sábà lọ. Wọ́n jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn kò sì jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ rà á, tí wọ́n sì fi omi díẹ̀ nù ún. Dúdú tí imú yẹ́lò kò lè mú kúrò láìya ògiri lọ pẹ̀lú kànìnkànìn. Oníṣẹ́ wò mí, kò sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ náà lọ́ra, ó sì ń rẹ ọwọ́, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí owó rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ṣe òdì kejì rẹ̀, nítorí pé ariwo ẹ́ńjìnnì ni oníbàárà rò pé òun ń sanwó fún.

Olórí ẹbí ni ó pe ìjókòó tí ó parí ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀gbọ́n bàbá oníṣẹ́ sì tẹ̀ lé e wá láti Kàbà. Oníṣẹ́ yọ̀ǹda ₦75,000 tí ó kù tí wọn kò tíì san, ó sì gbà láti san owó ọwọ́ bíríkìlà. Ẹbí gbà láti ra wáyà, yanrìn, sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà. Bí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ọ̀bajànà tilẹ̀ wà nítòsí, kò sí ẹni tí ó pe owó sìmẹ́ńtì ní kékeré nínú ìjókòó náà. Mo ti sọ fún wọn pé bí mo ṣe wò ó, ẹ̀bi oníṣẹ́ ju ìdajì lọ, nítorí ìkìlọ̀ ìyá àgbà, àti nítorí pé wọ́n kò dúró nígbà tí pẹlẹbẹ àkọ́kọ́ já. Ọmọ iṣẹ́ sọ fún mi pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ síwájú díẹ̀ kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe pín owó náà sún mọ́ ohun tí mo sọ. Bí a bá yọ epo, omi, owó ọkọ̀ àti ti ọmọ iṣẹ́ kúrò, oníṣẹ́ kò mú kọ́bọ̀ kan lọ sílé nínú iṣẹ́ náà, ó sì fi ti Mopa sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Láti ìgbà náà, oníṣẹ́ yìí ti ń lo ìwé ojú kan tí a jọ kọ ní èdè Yorùbá, èmi náà sì ti ń lò ó. A máa ń kọ ohun tí ògiri jẹ́ sínú rẹ̀, amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn tí a bá ti bi ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé náà, kì í ṣe ẹni tí ó san owó nìkan. A máa ń kan ògiri, a ó ya fọ́tò ibi tí ó bá dún ṣófo àti gbogbo ibi tí ó ya, oníbàárà yóò sì fọwọ́ sí i kí a tó tan ẹ́ńjìnnì. A máa ń dán ojú kékeré kan wò ní ibi tí kò hàn, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. Bí páànù ilé bá jẹ́ irú àtijọ́ tí wọ́n fi asibẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe, a ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò ní fi omi ẹ̀rọ kàn án, nítorí pé eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Owó àyẹ̀wò wà nínú ìwé náà lọ́tọ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́ sí i, a ó yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́. Àwọn kan ti tìtorí rẹ̀ lọ gba ẹlòmíràn. Àwọn tí wọ́n dúró kò tíì bá wa jà.

Ìhà ìlà-oòrùn ni ó kù. A kò fọ̀ ọ́ rárá. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n fi bò ó fún ọjọ́ ìrántí, sìmẹ́ńtì tí ó ṣófo sì wà lábẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi lé olórí ẹbí lọ́wọ́ pé kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì tún un ṣe kí òjò oṣù Kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ibùsùn sí ẹ̀bá ògiri náà láti inú, àti pé owó àtúnṣe ìhà náà kò kan oníṣẹ́. Àwọn ọmọ ní àwọn yóò fún olórí ẹbí lésì lẹ́yìn ọdún Àjíǹde.